Ọmọ Tuntun Tí A Kò Tètè Mọ̀ Bóyá Ọkùnrin Ni Tàbí Obìnrin: Kí Ló Yẹ Kí Òbí Ṣe?



Bí ọmọ bá ti wáyé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹbí máa ń bi agbẹ̀bí ni pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí agbẹ̀bí á wo ìdí ọmọ lẹ́ẹ̀kan, á tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, tí kò sì ní lè fèsì. Ohun tó rí kò jọ ti ọkùnrin pátápátá, kò sì jọ ti obìnrin pátápátá. Láti ìgbà náà lọ, ìdùnnú ilé á di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n á di aṣọ mọ́ ọmọ náà. Wọ́n á kìlọ̀ fún ìyá pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wẹ ọmọ. Àwọn kan á máa wá ẹni tó ṣépè fún wọn. Àwọn mìíràn á máa wá olóólà tí yóò fi abẹ tán ọ̀rọ̀ náà lóru.

Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, nítorí pé ìtìjú tó ń bò ó mọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀mí ọmọ. Ó sì lè mú kí a ṣe ohun tí a kò ní lè tún ṣe mọ́ sí ara ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀.

Ọlọ́hun ló ń ya àwòrán nínú ilé ọmọ

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi ìgbàgbọ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú Súúrà Álí Ìmúrónà, ẹsẹ 6, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun ni Ó ń ya àwòrán wa nínú ilé ọmọ bí Ó bá ṣe fẹ́. Nínú Súúrà Ṣúrà, ẹsẹ 49 àti 50, Ó sọ pé Òun ń dá ohun tó wu Òun: Ó ń fún ẹlòmíràn ní ọmọbìnrin, Ó ń fún ẹlòmíràn ní ọmọkùnrin, Ó sì ń ṣe ẹni tó bá wù Ú ní ẹni tí kò ní bímọ. Ọmọ tí ìdí rẹ̀ yàtọ̀ kò bọ́ sí ẹ̀yìn iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ẹ̀dá Rẹ̀ ni, ó sì ní ọlá tí gbogbo ọmọ Ádámọ̀ ní.

Kì í ṣe ohun tuntun lójú àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù náà. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní khunthā. Ibn Qudāmah, tó kú ní ọdún 1223, sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé fíkíhù rẹ̀ tí à ń pè ní Al-Mughnī. Àwọn onímọ̀ sọ ibi tí wọn yóò dúró sí lórí ìrun jámọ́ọ̀, bí wọn yóò ṣe jogún, àti bí a ó ṣe wẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá kú. Ìlànà tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé kí á wo àmì tó lágbára jù. Ní ọmọdé, wọ́n máa ń wo ibi tí ìtọ̀ ti ń jáde. Bí ó bá bàlágà, wọ́n á wo irùngbọ̀n, ọmú, nǹkan oṣù àti àtọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé wọn síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní khunthā mushkil. Nínú mádíhàbù Málíkì tí àwa Músùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gba ìdajì ìpín ọkùnrin àti ìdajì ìpín obìnrin nínú ogún.

Ẹ kíyè sí i: wọn kò ní kí á pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lé, wọn kò ní àǹjọ̀nú ni. Wọ́n wá ààyè fún un nínú mọ́sáláṣí, nínú ogún àti nínú itẹ́ òkú Músùlùmí. Bí àwọn tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan bá lè ṣe èyí, kí ni àwáwí tiwa?

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ nínú oyún, bákan náà ni ojú ara gbogbo ọmọ rí. Ohun tó máa di ti ọkùnrin àti ohun tó máa di ti obìnrin, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni kúrómósómù, tó sábà máa ń jẹ́ XX fún obìnrin àti XY fún ọkùnrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọ̀rọ̀. Kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin á yọjú. Họ́mónù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ara ọmọ á sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ náà pọ̀, ó sì ní ìpele. Bí ìpele kan bá gba ọ̀nà mìíràn, ìdí ọmọ lè yàtọ̀ sí ohun tí ojú wa ti mọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe èpè. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ ṣàgbèrè. Kì í ṣe pé ó rìn lọ́sàn-án gangan, kì í sì í ṣe ohun tó jẹ nígbà oyún. Ọkọ tó bá ń tìtorí èyí bá ìyàwó jà, tàbí tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ń bá a jà lórí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2005, àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ ìpinnu wọn jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fẹnu kò pé kí á jáwọ́ nínú àwọn orúkọ àbùkù tí wọ́n ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Orúkọ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni DSD, ìyẹn ni pé ìdàgbàsókè ẹ̀yà ara ìbímọ ẹni náà gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ó yẹ kí àwa náà jáwọ́ nínú "ṣakọ-ṣabo" tí a máa ń pe àwọn ènìyàn. Súúrà Hújúrátì, ẹsẹ 11, ti kọ̀ fún wa pé kí á máa fi orúkọ burúkú pe ara wa.

Èyí tí kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé: CAH

Nínú gbogbo ohun tó lè fa ìyàtọ̀ yìí, ọ̀kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ìyá àti bàbá mọ̀, nítorí pé ó ń pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní congenital adrenal hyperplasia, CAH ní ìkékúrú.

Ohun kékeré méjì wà tó jókòó lórí kíndìnrín wa, adrenal ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣe họ́mónù tó ń fún ara lágbára nígbà àìsàn, ó sì ń ṣe òmíràn tó ń di iyọ̀ mú nínú ara. Ọmọ tó ní CAH kò lè ṣe àwọn họ́mónù yìí bó ti yẹ. Dípò wọn, họ́mónù ọkùnrin ló ń pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ láti inú oyún. Bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, tó ní kúrómósómù XX, tó ní ilé ọmọ àti ilé ẹyin, idọ́ rẹ̀ lè tóbi títí tí yóò fi jọ nǹkan ọmọkùnrin. Àwọn kan á tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ọkùnrin.

Káàkiri àgbáyé, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 15,000 ló ń ní CAH. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ara kò lè di iyọ̀ mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, ọmọ náà kò ní fẹ́ mu ọmú mọ́. Á máa bì, á máa rù, ojú rẹ̀ á jìn wọnú, ara rẹ̀ á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Nílé wa, ibà ni wọ́n á pè é, tàbí inú rírun. Wọ́n á fún un ní àgbo. Bí ó bá kú, wọ́n á ní àbíkú ni. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ara rẹ̀ ló ti tán, oògùn rẹ̀ sì wà.

Omi iyọ̀ láti ojú iṣan àti abẹ́rẹ́ hydrocortisone lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Lẹ́yìn èyí, á máa lo hydrocortisone lójoojúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á tún máa lo fludrocortisone, dókítà sì lè ní kí á máa fún ọmọ ọwọ́ ní iyọ̀ díẹ̀ kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi àwọn oògùn méjèèjì yìí sínú àkójọ oògùn tó ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọdé. Àmọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ni a ti ń rí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ó tán pátápátá kí ẹ tó wá òmíràn. Ẹ má sì dá a dúró lójijì nítorí pé ara ọmọ ti yá. Bí ibà bá mú un, tàbí tí ó bá fara pa, ìwọ̀n oògùn náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i bí dókítà bá ṣe ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ọmọkùnrin náà máa ń ní CAH, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ kì í yàtọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ẹbí tí ọmọ ọwọ́ ti kú fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, tí ó ń bì tí ó sì ń rù, ní láti sọ ọ́ fún dókítà nígbà tí oyún mìíràn bá dé.

Bí ó ṣe ń ran ìdílé jọ ti ọ̀rọ̀ jínótáìpù tí a ti mọ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS. Bákan náà, bàbá àti ìyá tí ara àwọn fúnra wọn dá ṣáṣá lè máa gbé CAH kiri láìmọ̀, oyún kọ̀ọ̀kan á sì ní àǹfààní 1 nínú 4 láti mú ọmọ tó ní in jáde. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ ìbátan tó súnmọ́ra, ewu rẹ̀ á pọ̀ sí i. Nínú bàbá àti ìyá, kò sí ẹni tó jẹ̀bi ẹnì kejì, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mú un wá.

Kí a tó pe olóólà

Ìmọ̀ràn kejì yìí kan gbogbo ilé tí wọ́n bá ti bí ọmọkùnrin. Kí olóólà tàbí nọ́ọ̀sì tó mú abẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ohun mẹ́ta.

Èkíní, ibo ni ìtọ̀ ti ń jáde? Nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 200 sí 300 ni ihò ìtọ̀ rẹ̀ kì í sí ní ṣóńṣó. Ó lè wà ní abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó sún mọ́ ẹpọ̀n. Hypospadias ni àwọn dókítà ń pè é. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá abẹ́ rárá títí oníṣẹ́ abẹ yóò fi rí i. Ìdí rẹ̀ ni pé awọ tí olóólà fẹ́ gé sọnù gan-an ni oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń lò láti fi ṣe ọ̀nà ìtọ̀ tuntun fún un. Bí wọ́n bá ti gé e, wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó dé.

Èkejì, ṣé kórópọ̀n méjèèjì wà níbẹ̀? Bí ọ̀kan kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù 6, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí méjèèjì kò bá sí níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i, ẹ má dúró rárá, kódà bí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ bá dára lójú. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tó ní CAH ni.

Ẹ̀kẹta, ṣé nǹkan ọmọkùnrin náà tẹ̀ kọdọrọ, tàbí ó kéré jù?

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ọjọ́ ń lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìsìláàmù kò dá ọjọ́ kan pàtó tó jẹ́ dandan fún ìdábẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ tó nílò iṣẹ́ abẹ lè dúró, nígbà tí wọ́n bá sì tún ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ṣe tán, ìdábẹ́ náà á ti wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Bí idọ́ ọmọ bá tóbi, kì í ṣe iṣẹ́ olóólà. Abẹ rẹ̀ kò lè wo CAH, ọmọ náà lè ṣẹ̀jẹ̀ kú, àìsàn tó ń jẹ iyọ̀ ara rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ láìtọ́jú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2015 tó dè ìwà ipá sí ènìyàn sì ti ka dídábẹ́ ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń bọ̀: kí ni ká sọ?

Ọ̀pọ̀ òbí ni ọjọ́ kẹjọ yìí ń kó ìpayà bá ju àìsàn náà lọ. Wọ́n á ní, "Kí ni a ó sọ fún àáfà? Àgbò mélòó ni a ó pa fún àkíkà?" Ìpayà yìí ló ń mú kí wọ́n kàn mú ọ̀kan, wọ́n á ní ọkùnrin ni, nígbà tí àyẹ̀wò kò tíì jáde.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé àkíkà lè di ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹ pe àáfà yín sí kọ̀rọ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún un, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bò yín láṣìírí. Bí ẹbí bá ń tì yín, ẹ ní ara ọmọ kò tíì le, dókítà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ kọ́ ni. Èdè Yorùbá náà sì ràn wá lọ́wọ́: orúkọ bíi Ayọ̀délé, Dàmilọ́lá àti Bọ́lájí kò yan ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ lè fi irú rẹ̀ pè é ní báyìí, kí orúkọ Lárúbáwá tẹ̀ lé e nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yé yín.

Àyẹ̀wò tí wọn yóò ṣe kò ju wíwo ara ọmọ, yíya àwòrán inú rẹ̀ láti wá ilé ọmọ àti kórópọ̀n, yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún họ́mónù àti iyọ̀, àti yíyẹ kúrómósómù wò. Ti iyọ̀ máa ń yá. Ti kúrómósómù lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì ń náni lówó. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó ní dókítà ọmọdé tó kọ́ nípa họ́mónù. Irú wọn wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ta ló ni ìpinnu?

Nígbà tí àyẹ̀wò bá jáde, àwọn dókítà á bá òbí jókòó kí wọ́n lè jọ pinnu bóyá bí ọkùnrin tàbí bí obìnrin ni wọn yóò ṣe tọ́ ọmọ náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé ìpinnu yìí yàtọ̀ sí ìpinnu iṣẹ́ abẹ. A lè sọ ọmọ lórúkọ, kí á wọ aṣọ fún un, kí á tọ́ ọ dàgbà, láìfi abẹ kàn án.

Ṣé Ìsìláàmù gba ìtọ́jú yìí láàyè? Ìgbìmọ̀ fíkíhù ti Rábítà ní Mọ́kà jókòó lórí rẹ̀ ní ọdún 1989. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tàbí obìnrin kò gbọdọ̀ yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí àmì méjèèjì pàdé lára rẹ̀, kí á wo èyí tó lágbára jù, a sì lè fi oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tọ́jú rẹ̀, nítorí pé ìwòsàn ni, kì í ṣe yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ní ọdún 2006, ìgbìmọ̀ fátíwà ti orílẹ̀-èdè Malaysia náà sọ̀rọ̀ lórí CAH àti lórí àìsàn mìíràn tó jọ ọ́, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdájọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè dájọ́ kan náà fún gbogbo wọn. Àáfà tó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín ní láti kọ́kọ́ béèrè orúkọ ohun tí dókítà rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí fátíwà gbà láàyè kò di ohun tí a gbọ́dọ̀ kánjú ṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín iṣẹ́ abẹ sí.

Èyí tí kò lè dúró: bí ìtọ̀ kò bá rí ọ̀nà jáde, bí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù bá há sínú, tàbí bí dókítà bá rí ewu jẹjẹrẹ tó hàn gbangba.

Èyí tó ní àsìkò: hypospadias àti kórópọ̀n tí kò sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń ṣe láàárín oṣù 6 sí oṣù 18.

Èyí tó lè dúró de ọmọ fúnra rẹ̀: dídín idọ́ kù, ṣíṣe ojú ara obìnrin, tàbí yíyọ kórópọ̀n tí kò tíì mú ewu wá, nítorí kí ìdí ọmọ lè dára lójú wa. Irú iṣẹ́ yìí lè fi àpá sílẹ̀, ó lè pa ìmọ̀lára ibẹ̀, ó lè gba àtúnṣe léraléra, ohun tí a bá sì gé kì í padà. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní kékeré wà tí wọ́n dàgbà tán tí wọ́n ní ìbá dára bí wọ́n bá ti bi àwọn. Àwọn dókítà fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí àsìkò rẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Malta ti ṣòfin ní ọdún 2015 pé irú iṣẹ́ abẹ tí ìlera kò béèrè gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọmọ lè gbà á fúnra rẹ̀. Àwa Músùlùmí ní ìlànà tó bá èyí mu: a kò gbọdọ̀ fi ìpalára kan ara wa tàbí ẹlòmíràn. Ara ọmọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ òbí, ọmọ ló sì ni ín.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà pé: Kí ni orúkọ ohun tó ṣe ọmọ yìí? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró ọdún kan, tàbí ọdún mẹ́wàá? Ṣé ìlera rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà fún, àbí bí yóò ṣe rí lójú? Ṣé yóò ní ìmọ̀lára níbẹ̀, ṣé yóò lè bímọ? Ìgbà mélòó ni ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí? Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Nínú ilé náà, ẹ ṣọ́ra fún ìkánjú. Ká ní ìyá ọkọ sọ pé, "Ìyàwó mi, jẹ́ ká gbé e lọ bá bàbá olóólà kí ilẹ̀ tó mọ́." Ìyá ọmọ lè kúnlẹ̀, kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá wa, ẹ má bínú. Dókítà ní kí a má tíì fi abẹ kàn án. Ẹ bá wa tọrọ àdúrà fún un." Ṣùgbọ́n ọkọ ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Òun ni ó yẹ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó má fi aya rẹ̀ nìkan sílẹ̀ lójú ogun.

Ọmọbìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń hàn ní ọjọ́ ìbí. Ọmọbìnrin tó bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Nǹkan bí obìnrin 1 nínú 5,000 ni a bí láìní ilé ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmú àti gbogbo ara rẹ̀ dára. Òmíràn ní kúrómósómù XY, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọ́ èdè họ́mónù ọkùnrin, nítorí náà obìnrin ni a rí láti òde. Ìpá tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ abẹ́ ọmọbìnrin kékeré lè jẹ́ àmì rẹ̀. Òmíràn sì ń rí nǹkan oṣù, àmọ́ awọ ló dí ọ̀nà rẹ̀, inú á máa run ún ní oṣooṣù. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni èyí ń gbà.

Ẹ má gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ láìsọ òtítọ́, kí ẹ wá jẹ́ kí ìlú máa pè é ní àgàn. Kí àkọ́kọ́ mọ̀ jẹ́ ọmọ fúnra rẹ̀, láti ẹnu òbí rẹ̀ àti dókítà. Kí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ náà mọ̀ kí a tó so yìgì, nítorí pé ẹ̀tàn kì í jẹ́ kí ìgbéyàwó ní ìbùkún. Ọkùnrin wà tí yóò gbọ́, tí yóò sì fẹ́ ẹ nítorí ìwà àti ẹ̀sìn rẹ̀.

Ìmọ́tótó, àṣírí àti ìjọsìn

Ẹ dín iye ẹni tó ń wẹ ọmọ náà kù, kì í ṣe nítorí ìtìjú, bí kò ṣe nítorí pé ìhòòhò rẹ̀ kì í ṣe ìran wíwò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù ya ìdí rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wá máa ṣí aṣọ lára ọmọ yín.

Ọmọkùnrin tó ní hypospadias lè má lè dúró tọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti lóṣòó, kí ó sì fi omi nu ara rẹ̀ dáadáa kí ìtọ̀ má baà ta sí aṣọ ìrun. Ẹ sọ fún un pé Àíṣá, ìyá àwọn onígbàgbọ́, sọ pé ìjókòó ni Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, máa ń wà bí ó bá ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan yìí lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀sín ní ilé kéú. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán láìdáwọ́ dúró, kí ó bi àáfà rẹ̀ bí yóò ṣe máa ṣe àlùwàlá. Ààyè wà fún un nínú ẹ̀sìn.

Ẹni tó ní CAH kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Ràmàdáánì láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé fífo oògùn lè dá a dùbúlẹ̀. Súúrà Bàkárà, ẹsẹ 184 àti 185, ti fún aláìsàn ní ìdẹ̀rùn. Kí àáfà ṣàlàyé bóyá yóò san án padà ni tàbí yóò bọ́ aláìní.

Lákòótán, ẹ máa sọ òtítọ́ fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe ń gòkè. Ọmọ ọdún 4 lè gbọ́ pé, "Oògùn yìí ló ń fún ọ lágbára, Ọlọ́hun ló fi jíǹkí wa." Ọmọ ọdún 10 lè mọ orúkọ àìsàn rẹ̀. Kí ó tó bàlágà, kí ó ti mọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ pamọ́, tirẹ̀ ni wọ́n. Ọmọ tó bá ti ẹnu òbí rẹ̀ gbọ́ kò ní gbọ́ ọ láti ẹnu aládùúgbò.

Ànábì wa pàṣẹ fún wa kí á máa tọ́jú ara wa, nítorí pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ogbó. Bí ẹ bá mọ ilé kan tí wọ́n ń fi irú ọmọ yìí pamọ́, ẹ má ròyìn wọn. Ẹ gbé ìwé ìròyìn yìí fún wọn, ẹ sì bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó fún àwa òbí wọn ní sùúrù àti ìmọ̀, kí Ó sì bò wá láṣìírí láyé àti ní Ọjọ́ Ìkẹyìn. Àmín.